Ọmọkùnrin Tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Tamarack Ń Wá

Ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Tamarack ní Minnesota, bí oṣù Kejì bá ti wọlé, tí yìnyín sì ti ga dé ìsàlẹ̀ fèrèsé, ọmọkùnrin ni gbogbo ará ọ́fíìsì ìgbaniwọlé máa ń wá kiri. Kì í ṣe pé ọmọbìnrin wọ́n wọn. Ọmọbìnrin ló pọ̀ jù, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń ya lu ọ́fíìsì náà pẹ̀lú máàkì tó dán, àròkọ tó já gaara, àti ìwé ẹ̀rí olùkọ́ tó lè mú omi bọ́ lójú ènìyàn. Ní ti àwọn ọmọkùnrin, èyí tó bá rántí parí fọ́ọ̀mù rẹ̀ kí ọjọ́ tó kọjá, díẹ̀ ló kù kí wọ́n dìde dúró kí i.

Gordon Thielen, ọ̀gá ọ́fíìsì náà, kì í fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní bí obìnrin bá ti ju ọgọ́ta lọ nínú ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́, àwọn ọkùnrin kò ní fẹ́ wá mọ́, àwọn obìnrin pàápàá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wojú ibòmíràn, ilé ibùsùn àwọn ọkùnrin yóò sì máa ṣófo. Nítorí náà ló ṣe gbé pátákó ńlá kan kọ́ ara ògiri yàrá ìpàdé. Kọ̀ǹpútà wà o, ṣùgbọ́n Gordon ní ohun tí ojú òun bá rí lára ògiri ni òun gbà gbọ́. Ẹni tó ka fáìlì ọmọ kan ni yóò dìde, tí yóò sọ irú ọmọ tó jẹ́ fún àwọn yòókù, wọn yóò sì nawọ́. Bí ọwọ́ bá pọ̀ tó, ẹni náà yóò kọ orúkọ ọmọ náà sí káàdì, yóò sì fi há ara pátákó: aláwọ̀ ewé fún ọmọkùnrin, aláwọ̀ ìyeyè fún ọmọbìnrin. Ní ọjọ́ ìkẹyìn, tí wọ́n ń pè ní Ọjọ́ Gígé, Gordon yóò wo pátákó náà lókèèrè bí ẹni tó ń wo àwòrán, bí ìyeyè bá sì ti pọ̀ jù, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í já wọn sílẹ̀. Wọn kì í sọ fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ pé wọn kò gbà wọ́n. Wọ́n á ní kí wọ́n máa dúró ná, bóyá àyè yóò yọ. Ẹni tó bá ti pẹ́ níbẹ̀ mọ̀ pé àyè kì í sábà yọ.

Greta Ostby ti pẹ́ níbẹ̀. Òun ló ń ka fáìlì gbogbo ọmọ tó bá wá láti North Dakota, South Dakota àti Montana, ó sì mọ gbogbo ilé-ìwé girama tó wà ní ìgbèríko wọ̀nyẹn, títí kan àwọn tó jẹ́ pé ọkọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan ló ń kó gbogbo wọn. Obìnrin ọlọ́yàyà ni, tó máa ń hun ṣẹ́ẹ̀tì òtútù bó bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ nínú ìpàdé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ti wọ̀ ọ́ lára débi pé bó bá ṣí fáìlì, ojú rẹ̀ kì í dúró wo máàkì mọ́. Ó ti di ẹni tó ń gbọ́ òórùn ọmọkùnrin láti òkèèrè.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí fáìlì Merritt Hauge. Orúkọ tí wọ́n ń sọ ọkùnrin tí wọ́n tún ń sọ obìnrin ni Merritt, ṣùgbọ́n Greta kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìwé ẹ̀rí olùkọ́ni ìjàkadì ló kọ́kọ́ kà. Ọkùnrin náà, bí ìṣe àwọn olùkọ́ni ìjàkadì, kò pe ọmọ náà ní nǹkan mìíràn ju Hauge lọ: Hauge kì í sá, Hauge kì í ráhùn, Hauge ti gbé ẹni tó sanra jù ú lọ ṣánlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ka àròkọ ọmọ náà. Oko àlìkámà ni wọ́n ń gbé, lẹ́yìn ìlú Minot. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu bàbá bàbá rẹ̀, ó sì gba gbogbo ọ̀rọ̀ lẹ́nu bàbá náà, àti èyí tí ó ń sọ àti èyí tí ó ń kà. Ọmọ yìí mú ìwé tí àwọn tó ń ta irúgbìn máa ń fi ránṣẹ́ sí àwọn àgbẹ̀, tó kún fún àwòrán ẹ̀fọ́, ó sì jókòó ti bàbá náà ní gbogbo ìgbà òtútù, ó ń tọ́ka, ó ń pe orúkọ, ó ń dúró dè é. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó padà sí ẹnu bàbá náà ni kábéèjì, nǹkan tí kò jẹ rí láyé rẹ̀ nítorí pé ó kórìíra rẹ̀. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi sunkún.

Greta náà rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì rin. Orí rẹ̀ wú. Ọmọkùnrin oníjàkadì tó ní irú sùúrù báyìí. Ó sáré gba ojú ìwé yòókù kọjá, ó kọ ohun tí yóò sọ, ó sì gbé e lọ sí ìpàdé pẹ̀lú ìdùnnú ẹni tó he wúrà lójú ọ̀nà.

Bó ṣe ń sọ ọ́ ni yàrá náà ń pa rọ́rọ́. Winifred Cobb, tó dàgbà jù nínú wọn, bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nu ojú. Desmond, tó kéré jù, béèrè pé níbo ni irú àwọn ọmọkùnrin báyìí máa ń fara pamọ́ sí. Ọwọ́ àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti wà lókè kí Greta tó jókòó, Gordon sì fúnra rẹ̀ na káàdì aláwọ̀ ewé sí i. Ó há a sí àárín gbùngbùn pátákó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà, Greta sọ ti ọmọbìnrin kan láti Billings ní Montana, Paulette Dvorak. Ó ní ọmọ dáadáa ni, ó ń ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ nílé, máàkì rẹ̀ sì ga. Àwọn mẹ́rin nawọ́. Ẹnìkan ní irú rẹ̀ pọ̀. Greta pàápàá mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó sì há káàdì ìyeyè náà sí ìsàlẹ̀ pátátá, níbi tí wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀ gígé.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn, Greta nìkan ló wà ní ọ́fíìsì, ló bá gbọ́ tí ẹnìkan ń gbọn yìnyín kúrò ní bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin kan tó dé fìlà oníṣòwò ọkà wọlé, ọmọbìnrin kan sì tẹ̀lé e. Ọmọ náà wọ jákẹ́ẹ̀tì ilé-ìwé, ó di irun rẹ̀ ní ẹyọ kan sẹ́yìn, etí ọ̀tún rẹ̀ sì ti wú, ó le, bí etí àwọn tí wọ́n ń fi orí gbo ẹní ìjàkadì máa ń rí.

Ọkùnrin náà ṣí fìlà, ó ní Arvid Hauge lorúkọ òun, pé ìdíje ló gbé àwọn wá sí Rochester, ọmọ òun sì ní òun fẹ́ fi ojú rí ilé-ìwé náà bí wọ́n ti ń padà lọ. Ọmọbìnrin náà na ọwọ́. "Ẹ káàsán mà. Èmi ni Merritt."

Greta di ọwọ́ ọmọ náà mú, ó ń wo ojú rẹ̀, ó ń wá ọmọkùnrin tó ti fi sọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ yìí wá, kò sì rí i. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kan kò ha sí? Ó béèrè, ó díbọ́n bí ẹni tó kàn ń fọ̀rọ̀ wérọ̀. Arvid ní rárá, Merritt nìkan ni àwọn bí, òun nìkan náà ló sì tó àwọn.

Ó fún wọn ní kọfí gbígbóná, ó sì mú wọn rìn yí ká. Ohun tí Merritt fẹ́ rí kò ju ẹyọ kan lọ: ilé ìtọ́jú kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ìkàwé, níbi tí àwọn tí àìsàn gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn ti ń kọ́ bí wọn yóò ṣe tún máa sọ̀rọ̀. Ní ilé-ìwé púpọ̀, èèyàn á kàwé títí ọdún kẹta kí wọ́n tó jẹ́ kó súnmọ́ aláìsàn kan. Ní Tamarack, láti ọdún àkọ́kọ́ ni. Ọmọ náà fi ojú lé dígí ẹnu ọ̀nà ilé náà tí wọ́n tì pa, ó wo inú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó sọ fún Greta pé olùdámọ̀ràn ilé-ìwé àwọn ti ní kí òun máa lọ sí ilé-ìwé àwọn ẹlẹ́rọ, pé obìnrin ni wọ́n ń wá lójú méjèèjì níbẹ̀, kò sí bí wọn kò ṣe ní gba òun. Ó ní òun dá a lóhùn pé bàbá àgbà òun kì í ṣe tírákítọ̀.

Nígbà tí bàbá rẹ̀ lọ tan iná mọ́tò, ọmọ náà yíjú sí Greta. "Mà, wọ́n ní níbí yìí, ó máa ń rọrùn fún àwọn ọkùnrin láti wọlé. Ṣé òótọ́ ni?"

Greta lè purọ́. Ó ti ní ìdáhùn tó máa ń fún àwọn òbí, ó rọ̀, ó sì dùn létí. Kò rí i lò. "Òótọ́ ni," ló wí.

"Kò burú. Ó dáa bí mo ṣe mọ̀." Merritt fa zíìpù jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè. "Nínú ìjàkadì, orí ìwọ̀n kan náà ni wọ́n ti máa ń wọn èmi àtàwọn ọkùnrin kí a tó jà. Mo ti lù wọ́n, wọ́n sì ti lù mí. Kò dùn mí rí tí wọ́n bá lù mí. Ohun tí mo fẹ́ ò ju ìyẹn lọ mà, kí wọ́n ṣáà wọ̀n mí."

Bí mọ́tò wọn ti lọ tán, Greta padà sídìí fáìlì náà, ó sì fara balẹ̀ kà á. Ó wà níbẹ̀. Ó wà lójú ìwé fọ́ọ̀mù tí ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì náà kì í ṣí ní kíkà àkọ́kọ́, ó sì wà nínú ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ìṣirò, tó pe Merritt ní ọmọbìnrin tí òun kò rí irú rẹ̀ rí. Ìwé ẹ̀rí ìṣirò ni Greta sì máa ń fi ojú sáré gbà kọjá. Ojú tì í gan-an. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn ún jù kọ́ nìyẹn. Ohun tó dùn ún ni pé ó bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ojú òun ì bá rin ká ní òun ti mọ̀ pé obìnrin ni, ó sì mọ ìdáhùn. Ì bá kọ ọ́ pé ọmọ dáadáa ni, ó ń tọ́jú bàbá àgbà rẹ̀.

Ọ̀nà àtibò ó mọ́lẹ̀ kò ṣòro. Bó bá ti dákẹ́, ọ̀rọ̀ bùṣe. Káàdì aláwọ̀ ewé kò sí nínú ohun tí wọ́n ń gé. Lẹ́yìn Ọjọ́ Gígé, wọn yóò kọ̀wé sí àwọn ọmọ náà, ẹni tí wọ́n bá sì ti kọ̀wé sí, ó ti wọlé nìyẹn, kódà bó bá dé ní oṣù Kẹsàn-án pẹ̀lú irun dídì. Wọ́n á fi Greta ṣẹ̀fẹ̀ fún ọdún kan, ó tán. Bó bá sì sọ̀rọ̀, káàdì tí wọ́n há ní àṣìṣe yóò wálẹ̀, wọn yóò tún un gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn, ní ọjọ́ tí gbogbo wọn ń wá obìnrin tí wọn yóò já sílẹ̀. Ó pinnu pé òun yóò dákẹ́. Ọ̀rọ̀ Merritt nípa ìwọ̀n ń dún sí i létí, àmọ́ ó fi àáké kọ́rí. Nítorí ire ọmọ náà ni òun ṣe ń dákẹ́, ó wí bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ọjọ́ Gígé pé. Gordon dúró lókèèrè, ó wo pátákó, ó mí kanlẹ̀. Ìyeyè ti gba ògiri. Ó na ọwọ́ sí ìsàlẹ̀ pátátá, ó tú káàdì àkọ́kọ́. "Paulette Dvorak, Billings. Greta, tìẹ ni. Ọmọ tó ń ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ṣé ká jẹ́ kó máa dúró ná?"

Greta gbé abẹ́rẹ́ ìhunṣọ sílẹ̀. Kò mọ̀ pé òun yóò sọ̀rọ̀ títí ó fi gbọ́ ohùn ara rẹ̀. "Ká tó yọ ìyẹn, Gordon, mo ní nǹkan láti sọ. Ẹ rántí ọmọkùnrin tó kọ́ bàbá àgbà rẹ̀ ní ọ̀rọ̀?"

"Oní kábéèjì," ni Winifred wí. "Ta ló lè gbàgbé ìyẹn?"

"Obìnrin ni."

Desmond rẹ́rìn-ín, ó rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Nígbà tó rí ojú rẹ̀, ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu. Gordon wo káàdì aláwọ̀ ewé tó wà láàárín pátákó, ó wo Greta. "Ìwọ lo há a síbẹ̀."

"Èmi ni. Ọkùnrin ni ojú mi ń wá, ọkùnrin náà ló sì rí. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ sọ ọ́, olùkọ́ rẹ̀ sọ ọ́, mi ò kà wọ́n. Ó wá síbí, mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Kí n má purọ́ fún yín, mo fẹ́ dákẹ́ tẹ́lẹ̀."

Gordon kò bínú. Ká ní ó bínú ni, ì bá sàn. Ó kàn tú káàdì náà, ó ní òfin ni òfin, kí Greta tún un sọ. Greta mú ìwé ọjọ́ yẹn jáde, ó sì kà á bó ṣe kà á nígbà náà, kò fi kún un, kò yọ kúrò níbẹ̀, àfi ibi tó ti pe Merritt ní ọmọkùnrin. Ó gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń já bọ́ lójú ọ̀nà. Ibi tí yàrá náà ti pa rọ́rọ́ lọ́jọ́sí, ẹnìkan wo fóònù rẹ̀. Gíláàsì Winifred kò kúrò lójú.

Nígbà tó parí, Desmond ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Ọ̀rọ̀ yẹn kan náà ni. Mi ò mọ ìdí tí kò fi ṣe mí bó ṣe ṣe mí lọ́jọ́ yẹn. Èyí gan-an ò tiẹ̀ dáa." Ló bá gbé ọwọ́ sókè. Winifred gbé tirẹ̀, Greta gbé tirẹ̀. Àwọn mẹ́ta yòókù kò mira. Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú. Ọ̀kan nínú wọn ní ó dun òun, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gba ẹni yìí, ọmọbìnrin mìíràn ló máa pàdánù àyè, nítorí ìṣirò kò mọ àánú.

Mẹ́ta sí mẹ́ta. Gordon kì í dìbò àfi bó bá rí báyìí. Ó jókòó, ó fọwọ́ lérán. Ó dá gbogbo wọn lójú pé ilé ibùsùn tó ṣófo ló ń rò. Greta ló ti ọmọ náà jáde láti ibi tí wọn kò ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bí wọ́n bá sì já a sílẹ̀ báyìí, kò sẹ́ni tó máa dá lẹ́bi mọ́ ju ara rẹ̀ lọ. Ó rí fáìlì Paulette Dvorak lórí tábìlì níwájú rẹ̀. Ó tì í sọ́dọ̀ Gordon.

"Mo kọ ìlà kan ṣoṣo nípa ọmọ yìí," ló wí. "Má ka tèmi. Ka àròkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kà á sókè, kó o sì kà á bí ẹni pé ọkùnrin ni."

Gordon ṣí fáìlì náà. Ó kọ́kọ́ ń kà á bí ẹni tó fẹ́ kí ó tètè tán.

"Ọmọkùnrin kan ni, láti Billings. Iṣẹ́ alẹ́ ni ìyá rẹ̀ ń ṣe ní ilé ìwòsàn. Àbúrò mẹ́ta ló ní. Òun ló ń se oúnjẹ alẹ́, òun ló ń yẹ iṣẹ́ ilé wọn wò, òun ló ń gé irun wọn nítorí pé èyí tó kéré jù ń bẹ̀rù ẹ̀rọ." Ó yí ojú ìwé padà. Kò yára mọ́. "Bí wọ́n bá ti sùn ni ó tó jókòó ti ìwé tirẹ̀, ní ẹnu ọ̀nà yàrá wọn, nítorí pé èyí tó tẹ̀ lé e máa ń jí, ó sì máa ń fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnìkan ṣì wà níbẹ̀. Ọmọkùnrin yìí ní..."

Yàrá náà pa rọ́rọ́, gẹ́gẹ́ bó ṣe pa rọ́rọ́ lọ́jọ́sí. Winifred ti bọ́ gíláàsì. Gordon wo ìwé náà, ó wo káàdì ìyeyè tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú kalẹ̀, ojú rẹ̀ sì pọ́n díẹ̀ bí ojú ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tí kò mọ̀ pé òun wà. Kò parí gbólóhùn náà. Ó na ọwọ́ sókè.

Desmond bi í pé ti ta ni ó ń nawọ́ fún, ti Merritt Hauge ni àbí ti ẹni yìí.

"Ti àwọn méjèèjì."

"Ọgọ́ta rẹ ńkọ́?" ni Winifred béèrè.

"Èmi ni n ó lọ dúró níwájú ààrẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì, kì í ṣe ìwọ." Gordon fi ẹsẹ̀ fa àga mọ́ra sídìí tábìlì. "Desmond, kó gbogbo fáìlì àwọn ìyeyè tá a fẹ́ gé wá. Gbogbo wọn. Bí mo ṣe ka èyí ni ká ṣe ka ìyókù."

Desmond dìde, ó lọ kó wọn. Ọwọ́ Gordon ṣì wà lókè, ó ti gbàgbé láti sọ ọ́ kalẹ̀.